Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta àti Ojúṣe Onílé

Àwọn baba wa a máa wí pé àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò kan ni a fẹ́ bá ẹ̀yin Ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sọ: àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti òkè òkun, pàápàá láti Amẹ́ríkà, tí olùkọ́ wọn ń kó wá sí ilẹ̀ wa láti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí mẹ́ta, tàbí oṣù kan péré, tí wọ́n sì ń padà lọ. Ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kan wí pé eré lásán ni, pé ta ni ó lè mọ Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Àwọn mìíràn wí pé owó ni wọ́n ń mú wá, kí wọ́n ṣáà máa bọ̀. Èrò tiwa yàtọ̀ sí ti méjèèjì. Àwa gbà pé kì í ṣe kíkúrú àkókò ni àléébù ìrìn-àjò yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé onílé ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di ohun àfihàn. Ọwọ́ onílé náà sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ètò náà ti rí, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ti bá a pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì yóò gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀, ì báà ṣe lórí ìtàn, tàbí iṣẹ́ ọnà, tàbí ẹ̀sìn, tàbí ìtọ́jú aláìsàn. Yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ 10, tàbí 15, tàbí 20 jọ. Wọn yóò san owó. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣe olórí wọn lójú ọ̀nà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi. Ohun tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀ ni a óò kà mọ́ ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi gba oyè. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ilé tí wọn yóò wọ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn, àti amọ̀nà tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe báyìí ni ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1923, Raymond Kirkbride, olùkọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Delaware, tí ó ti ṣe ológun rí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kó akẹ́kọ̀ọ́ 8 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìlú Nancy ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí, kí èdè Faransé lè dá ṣáká lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó kọjá sí Paris láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Ètò ọdún kan gbáko ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bí ọkùnrin náà ti tò ó: èdè ni ó ṣáájú, ẹ̀kọ́ yòókù ni ó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà, ètò ti pọ̀ sí i, àkókò sì ti kúrú sí i. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2018 sí 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè lé ní 347,000, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò sì lò ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, tàbí ọ̀sẹ̀ 8, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà fa iye náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 14,500 ní ọdún 2020 sí 2021, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 sí 2023 wọ́n ti tún lé ní 280,000. Ilẹ̀ Ítálì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Spéìnì àti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń wọ́ lọ jù lọ. Nínú 100 wọn, àwọn tí ń wá sí gbogbo Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò tó 5.

Àwọn tí ń fi àkókò kúkúrú ṣe yẹ̀yẹ́ kò ronú dé ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ olówó nìkan ni ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ó ń fi iṣẹ́ alẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè fo ẹ̀kọ́ ọdún kan kí ó sì jáde lásìkò. Fún irú wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó bá agbára wọn mu, bí wọn kò bá sì rí i, wọn kò ní lọ rárá. Nínú wọn ni àwọn ọmọ àwọn ènìyàn dúdú wà, àwọn tí ó sún mọ́ wa jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí ń lọ sí òkèèrè, nǹkan bí 5 tàbí 6 ni ènìyàn dúdú, bẹ́ẹ̀ ni iye wọn nínú ilé ẹ̀kọ́ gíga ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ fún wọn láti tẹ ilẹ̀ baba ńlá wọn, kò yẹ wá láti tì í. Àgbà kan náà tí ó ń rẹ́rìn-ín sì mọ̀ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ pé kíkúrú kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí àlejò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti ṣe sí wa rí. Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, wọ Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó lò. Ó rí àwọn ère amọ̀ sísun, ó rí orí idẹ tí a ń pè ní Orí Olókun, ẹwà wọn sì yà á lẹ́nu. Kí ni ó wá kọ sínú ìwé? Ó kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, ni iṣẹ́ ọnà náà ti ṣẹ̀ wá. Ó ń bá àwọn ọmọ oníṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò sì gbà pé baba ńlá wọn ni ó ṣe é. Àwọn ohun kan tí ó ti kó, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà mú kí ó dá wọn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kọ kò ní ẹni tí ó lè dá a padà. Ó di ọdún 1938, nígbà tí a ń wa ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kí orí idẹ mìíràn tí ó lé ní mẹ́wàá tó jáde láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ láti wá jẹ́rìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó ṣi Frobenius lọ́nà, a óò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn ni ọkùnrin náà gbé láti ilé rẹ̀ bọ̀, kì í ṣe ìbéèrè. Àwọn tí ó lè kọ́ ọ ni ó sì ń wò bí ẹni tí ń wo ère. Ẹ fi í wé William Bascom, ará Amẹ́ríkà. Òun náà wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju Frobenius lọ. Síbẹ̀ ó ra méjì nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀, ó gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di ọdún 1950 kí wọ́n tó padà wálé. Pípẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di àlejò rere. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951, ọkùnrin kan náà jókòó ti Sàlàkọ́, awo ẹẹ́rìndínlógún ní Ọ̀yọ́, ó sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ ní ẹsẹ. Nígbà tí ìwé náà jáde ní ọdún 1980, èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, a sì mọ̀ pé Sàlàkọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀. Ohun tí ó yí padà ni ipò tí ó fi onílé sí: lọ́jọ́ kan ó bá a ra ọjà, lọ́jọ́ kejì ó jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa lónìí. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó. Láàárín ọjọ́ 10, wọn yóò rí Àgbádárìgì, wọn yóò gun Olúmọ, wọn yóò la Ìbàdàn kọjá, wọn yóò wọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí Àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005, wọn yóò sì ya àwòrán ara wọn nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ju èyí tí wọ́n ń lò lórí ìjókòó níwájú àgbà. Ìrìn-àjò ni èyí, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀.

Ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ, a wà níbẹ̀ nígbà tí a gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lálejò. Bàbá onílù kan, àgbà tí ó jogún ìlù lọ́wọ́ baba rẹ̀, gbé ìyáàlù kọ́ apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ki oríkì ìlú, ó ń to orúkọ àwọn Ọba tí ó ti jẹ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi amọ̀nà léèrè pé, kí ni ìlù ń wí? Amọ̀nà dáhùn pé, ó ní ẹ káàbọ̀. Ìtàn ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó kọjá létí àwọn ọmọ yìí, orí «ẹ káàbọ̀» sì ni wọ́n gbé e sí lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò bi bàbá náà léèrè ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, a gbọ́ pé owó tí ó kàn án kò tó èyí tí amọ̀nà fi ra epo sí ọkọ̀.

Ẹ̀bi èyí kì í ṣe ti ọmọ tí ó béèrè. Ó béèrè dáadáa. Ti àwa tí a wà níbẹ̀ tí a gbọ́ ìlù, tí a gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì dákẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a ní láti sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin ìjòyè wa. Ó ti di àṣà ní àwọn ibì kan láti to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí a sì máa fún wọn lórúkọ bí ẹni ń pín ẹ̀kọ. A ti rí ẹni tí a sọ ní Táíwò tí ìyá rẹ̀ kò bí ìbejì rí. A ti rí ẹni tí a sọ ní Adéyẹmí láìsí adé kankan nínú ìtàn tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ wọn a sì gba oyè lọ́jọ́ tí ó dé, kí ó tó mọ orúkọ ilé tí ó sùn sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni a wò? Orúkọ àmútọ̀runwá ní ìdí tí a fi ń jẹ́ ẹ, orúkọ àbísọ sì ní ìtàn; bí a bá ń fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn ọjà, ẹ̀kọ́ tí àlejò ń kọ́ lọ́dọ̀ wa ni pé Yorùbá kò ka orúkọ sí. Àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ ń bẹ nínú wọn, tí ń fi omijé béèrè orúkọ. Fún irú wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìtàn wọn, kí a fi omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare ṣe é bí ó ti yẹ, kí a sì kọ ìtumọ̀ orúkọ náà lé wọn lọ́wọ́. Ẹyọ kan tí a ṣe dáadáa sàn ju ogún tí a sáré ṣe lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó tilẹ̀ wà tí a lè kọ́ ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? A óò fi ìkòkò aró dá a lóhùn. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ 12 lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n mọ ewé ẹlú, kí wọ́n bá àwọn ìyá aláró gún un, kí wọ́n ṣù ú, kí wọ́n sá a. Kí wọ́n rí bí a ti ń sẹ́ omi eérú, àti bí a ti ń dúró de ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó tó rẹ aṣọ, nítorí aró kò mọ ìkánjú òyìnbó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára aṣọ, kí wọ́n sì kọ́ orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò gbọ́ pé aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn gbé òpó gbọ̀ngán Màpó sára, gbọ̀ngán tí a ṣí ní ọdún 1929, wọn yóò sì mọ̀ pé àwọn obìnrin wa ń fi aṣọ kọ ìtàn ìlú nígbà tí ẹlòmíràn ń wí pé a kò ní àkọsílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n tẹ̀ lé aṣọ náà lọ sí ọjà Ìtòkú, kí wọ́n gbọ́ bí a ti ń nájà, kí wọ́n rí bí aró òyìnbó àti aṣọ tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń lé àwọn ìyá yìí kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́ èyí kò mọ Yorùbá tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun kan dé ìdí. Ó tún ti mọ̀ pé ohun tí òun kò mọ̀ pọ̀, èyí tí ó ṣòro láti mọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń sáré.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń rọ àwọn ìlú wa láti béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí ó bá kọ̀wé pé òun ń bọ̀.

Èkíní ni èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó ti mọ ìkíni òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín «o» àti «ẹ», kí ó sì mọ ìgbà tí a ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí a ń dọ̀bálẹ̀. Èyí kò ju agbára wọn lọ: a ń kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì bíi Wisconsin àti Florida. Àpẹẹrẹ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti wà lọ́dọ̀ wa. Lábẹ́ òfin Fulbright-Hays tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1961, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti wá sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ìsinmi wọn, kìkì láti kọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ti gba irú wọn rí. Àwọn wọ̀nyí ni ó lè bi onílù léèrè ọ̀rọ̀ láìgba ẹnu amọ̀nà.

Èkejì ni ìlú kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a pín sí ìlú méje kò tó fún ọ̀kan nínú wọn. Kí wọ́n yan ìlú kan, kí wọ́n sùn sí i, kí àwọn ọmọdé àdúgbò mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀kẹta ni olùkọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ wọn ní ìlù, ní aró, ní Ifá tàbí ní ewé, olùkọ́ ni, ì báà má mọ̀wé. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n, kí a sì san owó olùkọ́ fún un ní ọwọ́ ara rẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí. Ohun tí àgbà bá sì wí pé òun kò lè fi han ògbèrì, kí gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àbọ̀. Gbogbo àwòrán tí wọ́n yà, gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa ìlú, kí ẹ̀dà rẹ̀ padà wá sí ààfin àti sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí a lè wí. Bí a bá ti ní irú àṣà yìí ní ọdún 1910, a kì bá ti dúró de ilẹ̀ Wúnmọníjẹ̀ kí ó tó gbà wá lẹ́jọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé bí a bá fi òfin síwájú àlejò, yóò gba Ghana lọ. Òótọ́ ni pé púpọ̀ ti gba ibẹ̀ lọ. Ghana fi ọdún 2019 ṣe Ọdún Ìpadàbọ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn odi, èso rẹ̀ sì hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin onílé ni ó ń lé àlejò kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìbẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà ni, àti ìkìlọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fi léde nípa ìrìn-àjò sí Nàìjíríà, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kò jẹ́ rú. Ẹ̀yin Ọba àti ìjòyè ni ẹ lè fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ọ̀nà tí kò ṣeé rìn fún àlejò kò ṣeé rìn fún ọmọ wa pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ kì í sá fún olùkọ́ tí ó mọ iyì ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì dùn wá jù. A ti ń sọ ti ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ta ni ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ wo ohunkóhun? Nígbà kan, àwọn tí ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì wa a máa lọ gbé láàárín àwọn tí ń sọ ọ́, ní Togo àti ní ibòmíràn. Nígbà tí owó rẹ̀ wọ́n wa, a dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárà lẹ́bàá Àgbádárìgì ní ọdún 1991, kí wọ́n lè máa ṣe é nílé. Ọgbọ́n ni fún àpò wa; ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ti ibẹ̀ tì.

Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láàárín ara wọn, ìlà náà sì gé ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Kétu bọ́ sí òdìkejì, Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí òdìkejì, Àjàṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìmẹ̀kọ kò jìnnà sí Kétu. Ẹbí kan náà ni, èdè kan náà ni. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì wa ni ó ti dúró rí ní ẹnubodè Àkábà Ìdẹ́nà, tí a gbọ́ ìtàn bí Dàhòmì ti fọ́ Kétu ní ọdún 1886 lẹ́nu ọmọ Kétu? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO bọlá fún ní ọdún 2001, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa rò pé ti ìlú wọn nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, akẹ́kọ̀ọ́ 10, ọkọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì: owó rẹ̀ kò tó èyí tí à ń ná níbi òkú ọjọ́ kan. Kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Èdè tí wọn yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ ti wà lẹ́nu wọn. Kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì jábọ̀ ní èdè Yorùbá nínú ìwé bí èyí.

A sì ní ìdí mìíràn tí a fi wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ṣe àlejò rí kì í mọ àlejò tọ́jú. Ọmọ wa tí ó ti jókòó ní Kétu, tí ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí àgbà ibẹ̀ tún un ṣe fún un, òun ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wọ Ilé-Ifẹ̀. Òun ni yóò dá amọ̀nà dúró tí yóò wí pé, ìlù kò wí pé ẹ káàbọ̀ nìkan; ẹ jẹ́ kí bàbá sọ ohun tí ó wí.

Bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Àwọn ọmọ tí ń wá sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò di olùkọ́, dókítà àti aṣòfin ní ilẹ̀ wọn. Fún púpọ̀ nínú wọn, ìgbà kan ṣoṣo tí wọn yóò fojú rí wa nìyẹn, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ nígbà náà ni wọn yóò máa sọ nípa Yorùbá títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, a bẹ̀ yín: nígbà tí ìwé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú yín, ẹ má béèrè iye tí wọn yóò san nìkan. Ẹ béèrè ta ni yóò kọ́ wọn. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ilé wa máa gba àlejò, kí ó má sì jẹ́ kí a sọ ohùn ara wa nù sí wọn lọ́wọ́. Àṣẹ.